Ìgbà Tí Wọ́n Ti Ẹsẹ̀ Odò Pa

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2012

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Mo kí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀, mo sì kí wọn kú ìtọ́jú yín.

Ẹ má bínú pé mi ò pè yín mọ́. Ìgbà tí mo pè kẹ́yìn, ẹ gbé fóònù sétí, ẹ ń pariwo pé "Ta ni?", èmi náà ń pariwo níbí, títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi ń gbá ògiri. Ẹ̀rọ ìlagi ti gba etí lọ́wọ́ yín. Mi ò fẹ́ kó gba ọmọ mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi ra kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yẹn nìyẹn. Lẹ́tà ni kí a máa kọ síra wa. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán lọ́hùn-ún, mo máa rí i níbí kí ẹ tó dìde lórí àga.

Mo ti kúrò níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ilé iṣẹ́ kan gbà mí, iṣẹ́ wọn sì ṣòroó ṣàlàyé, ẹ rọra kà á. Wọ́n kọ́ ìlú kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò ní ilẹ̀, kò ní yanrìn, ṣùgbọ́n ó ní òpópónà, ó ní ilé, ó ní odò. Ẹni tó bá jókòó sí yàrá rẹ̀ á yan ọmọlangidi kan tí yóò dúró fún un níbẹ̀, á máa fi ọwọ́ darí rẹ̀. Ọmọlangidi yín lè pàdé ti ẹni tó wà ní òpin ayé. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ, kíkọ ni yóò jáde lókè orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò etí níbẹ̀, Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi lọ.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lédè ibí kò ṣeé pè. Àwa tí a ń sọ èdè wa níbẹ̀ ń pè é ní Gbàgede. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa dá àwọn tó bá sọnù síbẹ̀ lóhùn, kí n sì máa la ìjà. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi mú yín wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá wù yín, ẹ jáde.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, 2012

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ara le díẹ̀. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà, nítorí náà má retí ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ.

Ìlú tí kò ní ilẹ̀ tí o sọ yẹn, mo kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Èmi tí mo la pákó láti kékeré títí mo fi hu ewú, mo mọ ohun tí ilé ń gbà. Mo bi àbúrò rẹ pé ṣé bí òjò bá rọ̀, ènìyàn lè wọ abẹ́ rẹ̀ sá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ àfi bí àwọn ọ̀gá rẹ bá fẹ́. Mo ní ó dáa, wọ́n ti di Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n yan ọmọlangidi. Èyí tó gbó jù lọ ni mo mú, síbẹ̀ ó fi ogún ọdún kéré sí mi. Ẹsẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé, mo ko ògiri, mo sì ń rìn lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n dè. Ọmọlangidi kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rọ̀ sì yọ lókè orí rẹ̀: "Bàbá, ẹ yíjú sí ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọ̀nà wà."

Ọmọ mi, o kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ènìyàn tí kò bá gbọ́ràn, wọn a kọ́kọ́ máa pariwo sí i. Tó bá yá, wọn a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Nígbẹ̀yìn, wọn a kàn máa kọjá lára rẹ̀ bí àga. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹnu sọ̀rọ̀ kí n lè kà á, kò sí ẹni tó sọ ohun kan fún mi rí tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni yìí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́. Mo yíjú sí ọ̀tún, mo rí ọ̀nà.

Mo máa tún wọ̀ ọ́ lọ́la. Má sọ fún àbúrò rẹ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ti bá a jiyàn jù.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún, 2013

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí láti wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò sì wá. Ẹ fi orí jì mí. Iṣẹ́ yìí ti gbé mi mì.

Gbàgede ti bú jáde. Ẹnu ibodè rẹ̀ kún débi pé ènìyàn ń dúró kí àyè tó yọ fún un. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti kọ́ ilé gogoro síbẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ju ẹni tó ń kí ènìyàn káàbọ̀. Àwọn kan ṣègbéyàwó síbẹ̀, láì tíì fojú kan ara wọn rí. Àwa òṣìṣẹ́ náà ti kúrò nínú yàrá kékeré tí a wà, a ti wà ní àjà kẹjọ, níbi tí ẹ ti lè rí gbogbo ìlú láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá wa gun orí tábìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí ọdún mélòó kan tó kọjá, ẹni tí kò bá ní ilé ní Gbàgede á dà bí ẹni tí kò ní ilé rárá. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Mo gbà á gbọ́, Bàbá. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ máa gbà á gbọ́.

Mo rí i pé ẹ ti gba ilé sí àdúgbò Ẹsẹ̀ Odò. Àwọn àgbà ló pọ̀ níbẹ̀, ó tutù. Ẹ kú ilé tuntun.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, 2013

Ọmọ mi,

Mo ka àwáwí rẹ tuntun, mo fi lé orí àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Ibojì ìyá rẹ kò tíì rí ẹsẹ̀ rẹ. Mo ti sọ ọ́ tán, jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn.

Ẹsẹ̀ Odò dára. A pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wa ló ti fẹ̀yìn tì. Sójà kan wà níbẹ̀ tó ń purọ́ ogun tó jà, ìyá kan wà tó jẹ́ pé aáwọ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Mo kan bẹ́ǹṣì sí etí odò fún wọn. Igi ibẹ̀ kì í là, kò sì ní eruku, ṣùgbọ́n mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó dọ́gba, ọwọ́ kò gbàgbé. Wọ́n sọ mí ní Onípákó.

Ẹnì kan wà tí a ń pè ní Agbẹ̀bí. Ó gbẹ̀bí títí ó fi ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi kú. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà láti ìgbà náà. Ọwọ́ kan ló fi ń tẹ ọ̀rọ̀, á sì pẹ́ kó tó jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá kì í dúró gbọ́ ọ. Èmi ní sùúrù. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún láti ọjọ́ pípẹ́, kò burú fún un láti dúró díẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọmọlangidi rẹ̀ ló yára jù ládùúgbò. Kì í rìn, sísá ló ń sá, bí ẹni tí wọ́n wá pè pé aboyún ń rọbí. Ó ní òun ń gbẹ̀san lára ẹsẹ̀ òun.

Lánàá, ó sọ ìtàn ọmọ kan tó gbẹ̀bí rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù nínú òjò, tó jẹ́ pé awakọ̀ ló di tọ́ọ̀ṣì mú, tí awakọ̀ náà sì dákú. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Àbúrò rẹ wá wò mí ní yàrá, ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, 2014

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ kọ.

Àbúrò mi kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹ kì í jáde mọ́, ẹ kì í lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, oúnjẹ yín máa ń tutù sórí tábìlì. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá bá yín, ẹ ó na ọwọ́ sí i pé kó dúró ná, Agbẹ̀bí ń sọ̀rọ̀.

Bàbá, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti mọ ohun tí ojú kì í rí. Mo ti rí omidan tó rẹwà tó jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n. Mo ti rí aláìsàn tí kò ṣàìsàn kankan. Gbájúẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn àgbà tí kò ní ẹnì kejì ni wọ́n sì ń wá. Ẹ bi obìnrin yẹn léèrè ibi tó ń gbé. Ẹ gba nọ́ńbà ilé rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ sá fún un.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ, 2014

Mo bi í gẹ́gẹ́ bí o ṣe ní kí n bi í. Èsì tó fún mi nìyí, mo dà á kọ kí o lè rí i:

"Onípákó, ẹ jẹ́ kí n wà bí ẹ ṣe mọ̀ mí. Nínú yàrá tí mo wà, wọ́n ń yí mi bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀dọ̀ yín níbí nìkan ni mo ti ń dìde fúnra mi. Bí ẹ bá wá rí mi, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ojú tì mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ lo rán mi sí ìtìjú yẹn.

Nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí mi, kọ́kọ́ rántí ẹni tó bí ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, 2016

Bàbá mi,

Ó ti lé lọ́dún kan tí a kọ lẹ́tà síra wa kẹ́yìn. Bí mo ṣe ń jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbéraga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sínú. Mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Nǹkan kò dáa níbí. Gbàgede ń kú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà rí i. Àwọn ènìyàn ti ní fóònù kéékèèké lọ́wọ́; wọ́n á wo ohun kan fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tún yí i sí òmíràn, kò sí ẹni tó ní sùúrù àtirìn lọ sí ilé ọ̀rẹ́ mọ́, ì báà ṣe rírìn tí ìka ń rìn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti lọ, ilé gogoro wọn ṣì wà níbẹ̀, iná ń tàn nínú rẹ̀. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù jù ni ọmọlangidi àwọn tó ti lọ láì dágbére. Àwọn mìíràn wà lórí ìdúró láàárín títì, ojú wọn là sílẹ̀.

A ti sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹjọ. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtajà bàtà ni a wà báyìí, a kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ọ̀gá tó gun orí tábìlì ti bá ilé iṣẹ́ mìíràn lọ. Èyí tó kù kì í rẹ́rìn-ín. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ yìí. Bí iṣẹ́ bá bọ́, wọ́n lè ní kí n máa lọ. Mi ò sùn dáadáa.

Ṣé ẹ ṣì ń lọ sí Ẹsẹ̀ Odò?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 2016

Ọmọ mi,

Inú mi dùn pé o kọ̀wé. Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó bẹ̀ mí, agídí ni kò jẹ́ kí n sọ. Má jẹ́ kí àìsùn pa ọ́. Iṣẹ́ tó bá bọ́, a ó wá òmíràn. Orí tó bá bọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti ń rà á.

Ohun tó ń ṣe Gbàgede, ojú mi ti rí i rí. Ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ ìlagi nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, igi ló kọ́ ọ, igi náà ló tú u ká. Nígbà tí igi tán nínú igbó, àwọn oníṣòwò ló kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì lọ. Tíṣà lọ. Lọ́jọ́ kan a kíyè sí i pé ajá kì í gbó mọ́, torí kò sí ẹni tó ń kọjá. A fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí a ń lọ. Ṣùgbọ́n a lọ papọ̀ nínú ọkọ̀ kan, a sì mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀ sí. Ìyẹn ni kò sí ní Gbàgede.

Ní Ẹsẹ̀ Odò, ó ku èmi, Agbẹ̀bí, àti sójà tó máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ibodè pé ìparí ọdún ni wọ́n máa ti Gbàgede pa. Lánàá, Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó ní, "Onípákó, ó sàn kí ẹ rí mi bí mo ṣe rí ju kí ẹ má rí mi mọ́ láéláé lọ." Ó ti gbà láti fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n? Ní ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n gbé e wọ ilé náà, kò tíì rí ìta rẹ̀ rí. Ó máa ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ bá òun wo nọ́ńbà tó wà lẹ́nu géètì, òun á sì sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ Àìkú.

Jọ̀ọ́, bá mi wádìí: ṣé òótọ́ ni pé ìparí ọdún ni? Ara mi kò lélẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, 2016

Ọmọ mi,

Mo wọlé lónìí. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà pé: "Ibi tí ẹ ń wá kò sí mọ́." Mo rò pé ìka mi ló ṣì í. Mo pa á, mo tún un tan. Àbúrò rẹ bá mi gbìyànjú rẹ̀. Mo gba ọ̀nà mìíràn wọ Gbàgede, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Títì dé ibi tí afárá yẹ kó wà, ó dúró. Kò sí odò. Kò sí nǹkan kan níwájú, ó funfun lásán.

Kọ̀wé sí mi kíákíá. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan, kí o sì fi òótọ́ dá mi lóhùn: ṣé o mọ̀?


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2016

Mi ò tíì rí èsì. Mo ń tan ẹ̀rọ yìí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ṣé o mọ̀?


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, 2016

Bàbá mi,

Mo mọ̀.

Wọ́n pinnu láti máa ti àwọn àdúgbò tí kò lérò mọ́ kí ọdún tó parí, kí wọ́n lè pa àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé wọn ró. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kí ariwo má baà sọ. Ẹsẹ̀ Odò bọ́ sí ọwọ́ mi. Lẹ́tà yín ti dé ọ̀dọ̀ mi nígbà náà. Mo kà á. Mo rò pé bí mo bá kọ̀wé sí yín, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Mo tún rò ó pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ní kí n tì í. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ní kí n tì í.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Agbẹ̀bí wà níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo àdúgbò, òun nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì yín. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì mọ̀ mí ní òṣìṣẹ́ nítorí aṣọ tí ọmọlangidi wa máa ń wọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi jíṣẹ́ kan fún Onípákó, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí n dé lọ́la." Lẹ́yìn náà, mo rí àmì tó ń fi hàn pé ó ń tẹ ọ̀rọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń pẹ́. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Kí lo ń dúró dè?" Àmì yẹn ṣì ń tàn.

Mo tì í, Bàbá.

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè àdírẹ́sì rẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ wa, bíi ti gbogbo ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ wò ó. Ẹni tó bá wò ó, wọ́n á lé e lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ fún yín ohun tó so mọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2016

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo pa ẹ̀rọ, mo jáde lọ jókòó síta. Àbúrò rẹ bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo na lẹ́tà náà sí i. Òun ló ń sunkún. Èmi kò lè sunkún.

Mi ò ní ṣépè fún ọ. Ẹni tí ọ̀gá dúró lé lórí, mo mọ bó ṣe ń rí. Mo ti la igi tí kò yẹ kí n là rí nítorí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi. Mi ò sì ní pàṣẹ fún ọ gẹ́gẹ́ bíi bàbá. Bí mo bá pàṣẹ, tí wọ́n lé ọ, èmi ni mo lé ọ.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ rí láti ìgbà tí mo bí ọ. Obìnrin yẹn wà níbì kan, kò mọ ìdí tí ìlú fi parẹ́ mọ́ ọn lójú. Ó lè máa rò pé èmi ni mo sá fún un nígbà tó gbà kí n wá. Ilé ti padà dákẹ́ fún mi. Mo ti gbé inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí, mo sì lè tún gbé inú rẹ̀ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un pé n kò sá.

Ronú sí i. N kò ní kọ lẹ́tà mìíràn kí o má baà rò pé mo ń lé ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, 2017

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìlú tó wà kò jìnnà sí yín rárá; bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ ó débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀, ibi tí ẹ wà síra yín nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń jìjàkadì pẹ̀lú ara mi. Nígbà tí mo wá wò ó, wọ́n mọ̀ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ mi, ẹnì kan tẹ̀ lé mi títí mo fi kó ẹ̀wù mi. Mo ti padà sí ibi tí mo ti ń fọ abọ́, ẹ̀yìn ilé ni mò ń gbà wọlé. Tí wọ́n bá mú mi, wọ́n á dá mi padà. Mo lè ní láti kúrò ní yàrá yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ kò bá gbọ́ mi fún ìgbà díẹ̀.

Gbàgede ti tán pátápátá. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo gbọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á.

Ẹ lọ, Bàbá. Ẹ sọ fún un pé èmi ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2017

Ọmọ mi,

Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà yìí máa bá ọ. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, máa bọ̀ wálé, má fi ara pamọ́ bí olè nítorí ìtìjú. Yàrá rẹ wà níbẹ̀. Ohun tí o ṣe, o ṣe é nítorí mi, mo sì mọ iye tó ná ọ.

A lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti àbúrò rẹ. Ó mú ìwé àti bírò dání láti máa kọ ohun tí àwọn ènìyàn bá ń sọ fún mi. Ilé náà wà lẹ́yìn ibi tí àwọn mẹ́káníìkì ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin tó ti tó ogójì ọdún, ó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìtajà oògùn. Àbúrò rẹ ń ṣàlàyé ẹni tí a jẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò wò ó, èmi ló ń wò. Ó gba bírò lọ́wọ́ àbúrò rẹ, ó kọ ọ́ pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Onípákó?" Mo ní èmi ni. Ó di ilẹ̀kùn mú, kò tètè jẹ́ kí a wọlé.

Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, àárọ̀ ni òun lọ wo nọ́ńbà ẹnu géètì, tí òun pè é fún Agbẹ̀bí. Ó ní inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parẹ́, ó rò pé ọwọ́ òun ló tẹ ohun tí kò yẹ. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún òun, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, nínú oṣù kejìlá, àìsàn yẹn tún dà á wólẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún tó kù. Ó mú ẹnu rẹ̀. Ó sì mú ìwé lọ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ hàn án, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ògiri.

Oṣù kejìlá. Mi ò sọ ọ́ láti fi dá ọ lẹ́bi. Mo sọ ọ́ nítorí pé bí o bá délé, ẹlòmíràn máa sọ ọ́ fún ọ.

Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọlangidi rẹ̀ ga, ó ní èjìká. Òun fúnra rẹ̀ kéré lábẹ́ aṣọ ìbora bí ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo ní, "Èmi ni. Onípákó ni. Mi ò sá." Ó dà bí ẹni pé ohùn mi pọ̀ jù, nítorí àbúrò rẹ fi ọwọ́ kàn mí pé kí n rọra. Mo jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi hàn mí pé ọwọ́ òsì ni mo dì mú, èyí tó ti kú tipẹ́.

Ó mọ̀ mí. Mo fi gbogbo ara sọ ọ́ fún ọ pé ó mọ̀ mí. Omi yọ lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń yí, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo ètè rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo ti ìyá rẹ, mi ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Mo yíjú sí àbúrò rẹ pé kó kọ ọ́ fún mi. Ó kọ ọ́ pé, "Bàbá, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ." Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà mirí. Mo gba ìwé, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó tún wo ojú mi, kò padà wo ìwé mọ́.

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó pẹ́. Ohun tó ń sọ jẹ ẹ́ lógún, mo rí i ní ọrùn rẹ̀. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ń wò mí, ó ń dúró de èsì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Agbẹ̀bí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó yí ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ti mọ̀ pé mi ò gbọ́.

Bàbá rẹ.